Iwájú píkọ́ọ̀pù mi jókòó sílẹ̀ lápá òsì: ṣé torsion bar ló já ni, àbí ṣáásí ló ti jẹrà?

AgbéPákó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo nílò ọgbọ́n yín. Ọkọ̀ yìí ni mo fi ń jẹun, mi ò sì fẹ́ kó pa èmi tàbí ẹlòmíràn sójú títì.

Píkọ́ọ̀pù ọdún 1997 ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí. Torsion bar, ìyẹn ọ̀pá irin gbọọrọ tó ń ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì, ló gbé iwájú rẹ̀ dúró, kò sí sípíríǹgì níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló lò ó kó tó dọ́wọ́ mi. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi ń ti ọkọ̀ ojú omi wọ inú òkun, tó tún ń fi fà á jáde. Mo tètè sọ èyí nítorí mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè nípa iyọ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ni tèmi, pákó ni mo fi ń kó.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ "kó, kó" níwájú lápá òsì, pàápàá tí mo bá ń rọra kọjá lórí kòtò kékeré. Tí mo bá sáré díẹ̀, mi ò ní gbọ́ ọ mọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì. Ariwo náà rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún padà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo kíyè sí i pé apá òsì ti ń wálẹ̀. Mẹkáníìkì kejì ní bóòtù torsion bar ló ti dẹ̀. Ó wé e sókè, ọkọ̀ sì dọ́gba, inú mi dùn. Kò pé ọjọ́ mẹ́jọ tó tún jókòó sílẹ̀.

Sátidé tó kọjá ni èyí tó bà mí lẹ́rù wá. Mo ń yí wọ àgbàlá mi jẹ́jẹ́, pákó méjìlá péré ló wà lẹ́yìn, ni mo bá ṣàdédé gbọ́ "gbàgà!" Kì í ṣe iwájú níbi táyà ni mo ti gbọ́ ọ o, abẹ́ ẹsẹ̀ mi gan-an ni, mo sì mọ̀ ọ́n lára nínú bàtà. Apá òsì wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà yẹn, sítíárìn ń fà mí lọ sí òsì ṣáá.

Mo wọn ọ́n láti àárín wíìlì dé etí fẹ́ńdà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú: apá ọ̀tún jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 47.5, apá òsì jẹ́ 41. Etí inú táyà òsì ti jẹ débi pé wáyà ti ń yọjú. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì wọ abẹ́ rẹ̀. Ojú mi ò rí ibi tí torsion bar ti já. Ohun tí mo rí ni ìdógùn-ún. Wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú bo ṣáásí náà nígbà kan. Mo fi èékánná há a, ègé kan sì ṣí sí mi lọ́wọ́, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó rí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí èèpo igi gbígbẹ.

Mẹkáníìkì kẹta ní kí n ra torsion bar méjì, ball joint (oríkèé irin tó di wíìlì mú) mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti gbogbo rọ́bà bọ́ṣìn, pé tí òun bá ti pààrọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ ti parí. Owó ńlá ni. Kí n tó tọwọ́ bọ àpò, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò? Ṣé mo sì lè rọra wà á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Ọmọ_Sípánà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Torsion bar máa ń rẹ̀ tó bá ti pẹ́. Ẹ wé bóòtù rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí i, á gbéra. Ẹ wá lọ ṣe alignment, kí wọ́n tún bí táyà ṣe kọjú ṣe, kí táyà má baà jẹ mọ́. Tí "kó, kó" yẹn bá ṣì wà, ball joint ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Ẹ fi jáàkì gbé e, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì ín.

Wẹ́dàÀgbà

AgbéPákó, àbúrò mi, má wà á lọ síbì kankan. Tí o bá máa gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, orí ọkọ̀ mìíràn ni kó wà.

Ọmọ_Sípánà, o ṣeun, ọ̀rọ̀ ball joint tó o sọ bọ́gbọ́n mu, màá padà dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bóòtù yẹn, mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ohun tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀ ni gbólóhùn kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tó o kọ: abẹ́ ẹsẹ̀ lo ti gbọ́ ariwo náà. Ọ̀pá irin gbọọrọ ni torsion bar. Orí rẹ̀ kan wọ inú arm níwájú, ìyẹn irin tó so wíìlì mọ́ ṣáásí, ó sì nà lọ sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáásí títí dé abẹ́ ibi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lé. Níbẹ̀ ni irin kúkúrú kan ti gbá orí kejì mú. Bóòtù tí wọ́n ń wé yẹn ló so irin kúkúrú náà mọ́ cross member, ìyẹn irin tó dábùú láti ẹ̀gbẹ́ ṣáásí kan dé èkejì. Bí táyà bá gòkè, arm á lọ́ ọ̀pá náà, ọ̀pá á sì máa tiraka láti padà síbi tó wà. Ìlọ́ yẹn ló gbé iwájú ọkọ̀ rẹ dúró. Torí náà, ibi méjì ni ẹrù igun òsì yẹn fẹ̀yìn tì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Tí cross member bá ti jẹrà, ọ̀pá lè wà ní pípé, bóòtù lè wà ní pípé, kí irin tí wọ́n fẹ̀yìn tì máa ya díẹ̀díẹ̀.

Wo bí ìtàn rẹ ṣe bá a mu. Wọ́n wé bóòtù, ọkọ̀ gòkè, ọjọ́ mẹ́jọ ló fi wálẹ̀. Torsion bar kì í rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, ọdún gbọọrọ ló máa ń gbà. Irin tó ń ya ló ń wálẹ̀ kíákíá bẹ́ẹ̀. Wíwé tí wọ́n wé bóòtù náà tún dá ẹrù kún ẹrù lórí irin tó ti ń kú lọ. Mi ò bá mẹkáníìkì yẹn wí, ohun tó hàn sí i ló ṣe.

Ti ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀, owó yẹn ti lọ. Nínú ọkọ̀ tó ń lo torsion bar, iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni kó dá ijó ọkọ̀ dúró lẹ́yìn kòtò. Kì í ṣe òun ló gbé ọkọ̀ dúró. Bí ọkọ̀ bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, má wulẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó yá, àyẹ̀wò. Dí táyà ẹ̀yìn gírígírí, kí o sì fa bíréèkì ọwọ́. Má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Wá sítáǹdì irin, kí o sì fi òòlù kan ibi tó o fẹ́ gbé e sí ná, torí sítáǹdì tó bá bọ́ sábẹ́ irin jíjẹrà á gún un wọlé, ọkọ̀ á sì wá bá ọ nísàlẹ̀.

Kí o tó gbé ọkọ̀ sókè rárá, fi rúlà wọn bóòtù torsion bar méjèèjì, kí o mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe wọlé tó. Tí ti òsì bá wọlé ju ti ọ̀tún lọ dáadáa, tó sì jẹ́ pé òsì ló wálẹ̀, agbára ń sọnù níbì kan láàárín bóòtù àti táyà. Lẹ́yìn náà, fi igi gbọọrọ ti irin kúkúrú ẹ̀yìn yẹn wò. Igi ni mo wí o, má fi ọwọ́ rẹ síbẹ̀, torí tí ọ̀pá náà kò bá tíì já, agbára tó wà nínú rẹ̀ lè ṣẹ́ egungun. Tí ó bá já, irin kúkúrú náà á máa mì bí eyín tó fẹ́ yọ, kò ní sí ẹrù lórí rẹ̀ mọ́, arm iwájú á sì ti lọ jókòó pátápátá lórí rọ́bà tó máa ń gbà á kó má baà lu ṣáásí. O ní o kò rí ibi tó ti já. Inú ihò tó ti wọ arm tàbí tó ti wọ irin kúkúrú ló sábà máa ń já sí, ojú kì í sì í débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o fi igi tì í.

Ìdógùn-ún wá ni. Èyí tó pupa lójú irin bí erùpẹ̀, tí búrọ́ọ̀ṣì onírin ń hó títí irin funfun á fi yọ, kò pa ẹnikẹ́ni. Èyí tó ṣí sí ọ lọ́wọ́ ni kí o bẹ̀rù. Ìdógùn-ún máa ń wú ju irin tó jẹ lọ, ó lè tó ìlọ́po mẹ́fà, nítorí náà kì í ṣe bí ègé yẹn ṣe nípọn tó ni irin tó lọ ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n wíwú yẹn náà ló ń ya irin méjì tí wọ́n jó pọ̀ kúrò lára ara wọn. Ibi tó o bá ti rí i pé àárín irin méjì wú bí ìwé tí omi wọ̀, inú ni ibẹ̀ ti ń jẹ bọ̀. Rántí pé irin ṣáásí píkọ́ọ̀pù kì í sábà ju mílímítà 3 sí 4 lọ láti ilé iṣẹ́. Kò ní ẹran púpọ̀ tó lè pàdánù.

Mú òòlù kékeré. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó o mọ̀ pé ó dára, kan án, kí etí rẹ mọ ohùn rẹ̀. Irin tó pé máa ń dún "kéń", òòlù á sì ta padà lọ́wọ́ rẹ. Máa kàn án lọ ní ìka mẹ́ta mẹ́ta. Níbi tí ohùn bá ti di "pọ́", tí òòlù kò ta padà, fi ẹfun yí i ká. Ṣe é dé orí cross member, ṣe é lábẹ́, ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́, má fo ibì kankan. Lẹ́yìn náà, mú sukudíráfà tó ní ṣóńṣó, kí o sì fi gbogbo agbára apá rẹ tì í sí ibi tó o fẹfun yí ká. Tó bá wọlé, ọ̀dà dúdú nìkan ló kù níbẹ̀. Mo ti rí àwọn tí kò jẹ́ kí n gún ọkọ̀ wọn, torí wọ́n ń bẹ̀rù ihò. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n gún un, torí ìdílé wọn ló máa wọ ọkọ̀ náà.

O tún sọ ti ọkọ̀ ojú omi. Àpótí irin gbọọrọ ni ṣáásí rẹ, inú rẹ̀ ṣófo. Omi iyọ̀ á gba ihò ẹ̀yìn wọlé nígbà tí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá wà nínú òkun. Tí ọkọ̀ bá jáde, tó dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, omi náà á ṣàn lọ síbi tí ṣáásí ti rẹlẹ̀ jù. Nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, abẹ́ ibi tí awakọ̀ ń jókòó ni, torí ṣáásí máa ń gbéra kọjá lórí áàsù ẹ̀yìn, ó sì tún máa ń gbéra níwájú. Yanrìn á dí ihò kékeré tí omi ì bá gbà jáde. Ibẹ̀ gan-an sì ni cross member rẹ wà. Kámẹ́rà kékeré oníwáyà kan wà tí wọ́n máa ń so mọ́ fóònù. Tó o bá rí i yá, tì í wọ inú ihò ṣáásí, kí o wo inú rẹ̀.

Ó ku ball joint. Kọ́kọ́ wo arm tí torsion bar wọ̀, torí nínú ọkọ̀ mìíràn arm ìsàlẹ̀ ni, nínú òmíràn ti òkè ni. Ball joint arm tó bá wọ̀ ló ń ru ẹrù. Tó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀, abẹ́ arm ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kí jáàkì wà, nítòsí ball joint. Bí o bá gbé jáàkì sábẹ́ ṣáásí, torsion bar á ṣì máa tẹ arm mọ́lẹ̀, ball joint tó ti kú á sì dúró gbọn-in bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti fi ibẹ̀ ṣìnà. Gbé e bó ṣe yẹ, ti irin gbọọrọ bọ abẹ́ táyà, gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ kí ẹlòmíràn máa wo ball joint. Tí táyà bá ń mì lókè àti nísàlẹ̀, jẹ́ kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kí o tún mì ín. Tí mímì náà bá dáwọ́ dúró, bẹ́rìn wíìlì ni. Tí kò bá dáwọ́ dúró, ball joint ni. Èyí tó ń mì lọ́tùn-ún àti lósì, tie rod, ìyẹn ọ̀pá tí sítíárìn fi ń yí táyà, ni kí o wò.

Mo gbà pé wàá bá nǹkan níbẹ̀, ọkọ̀ ọdún 1997 ni. Ṣùgbọ́n a kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. O lè ra ball joint mẹ́rin àti torsion bar méjì tuntun, kí wọ́n dè wọ́n mọ́ irin tí kò sí. Mọ bí ṣáásí ṣe wà ná. Ọ̀rọ̀ ṣáásí jíjẹrà kò kéré. Ní 2008, Toyota sọ àkókò ìdánilójú wọn lórí ìdógùn-ún tó dá ihò sí ṣáásí píkọ́ọ̀pù Tacoma ọdún 1995 sí 2000 di ọdún 15 ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ra àwọn tó bàjẹ́ jù padà lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n.

Ṣe àyẹ̀wò yìí, kí o padà wá sọ ohun tó o rí.

Ìyá_Awakọ̀

Ẹ ṣeun, Wẹ́dàÀgbà. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un, torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi: páìpù bíréèkì.

Ara ṣáásí yẹn náà ni wọ́n so ó mọ́. Ìdógùn-ún tó jẹ ṣáásí kò ní ṣàì jẹ òun náà, òun sì tín-ín-rín. Ọkọ̀ mi kò ṣe mí ní nǹkan kan rí. Lọ́jọ́ kan, ọmọdé kan sáré já sójú títì, mo tẹ bíréèkì gidigidi, bó ṣe wọlẹ̀ lọ nìyẹn, ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀ ọkọ̀. Bíréèkì ọwọ́ ni mo fi dúró. Ìdajì ìgbésẹ̀ ló kù kí n kan ọmọ náà. Nígbà tí a wo abẹ́ rẹ̀, abẹ́ kílíìpù tó di páìpù mú ló ti jẹ. Gbogbo ìyókù páìpù náà ń dán.

AgbéPákó, wo abẹ́ kílíìpù kọ̀ọ̀kan. Fi àkísà nu ún, kí o fọwọ́ tọ́ ọ. Tí ó bá ń rin bí ojú tó ń làágùn, ó ti parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gún páìpù ní sukudíráfà o.

AgbéPákó

Ẹ̀yin àgbà, mo ti ṣe é. Ọjọ́ méjì ló gbà mí.

Bóòtù òsì wọlé ju ti ọ̀tún lọ ní sẹ̀ǹtímítà 1.8. Mo fi igi ti irin kúkúrú náà, kò mì rárá, ó le bí òkúta. Nítorí náà ọ̀pá kò já.

Òòlù ló bà mí nínú jẹ́. Apá ọ̀tún ń dún "kéń" láti iwájú dé ẹ̀yìn, àyàfi ojú kan tó kéré. Lápá òsì, ohùn náà yí padà bí mo ṣe dé abẹ́ ìlẹ̀kùn. Sẹ̀ǹtímítà 38 ni mo fẹfun yí ká lára ṣáásí, àti ìdajì cross member. Mo ti sukudíráfà, ó wọlé dé ìdí ọwọ́ rẹ̀. Mi ò tilẹ̀ fi gbogbo agbára tì í.

Ibi tí bóòtù fẹ̀yìn tì lára cross member ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta. Ó tẹ̀ bí ìdérí agolo tí wọ́n ṣí tí kò tíì tán. Ẹ̀gbẹ́ kan tó kù yẹn ló di gbogbo igun ọkọ̀ yẹn mú láti Sátidé. Etí ibi tó ya ní àwọ̀ méjì. Apá kan pupa rúsúrúsú, ìyẹn ni pé ó ti pẹ́ tó ti ya. Apá kejì, tí kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ, ṣì ń dán. Mo rò pé ibẹ̀ ni "gbàgà" yẹn ti wá.

Mo yá kámẹ́rà náà. Inú ṣáásí òsì kún fún yanrìn, ó ti ga tó ìdajì àpótí náà. Mo fi irin wà á jáde. Ó ṣì tutù lọ́wọ́ mi, ìkarahun kékeré méjì sì wà nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta rèé tí ọkọ̀ yìí ti kúrò létí òkun.

Ball joint ìsàlẹ̀ òsì ń mì, bíi mílímítà 2. Ti ọ̀tún kò mì. Bẹ́rìn dára. Ìyá_Awakọ̀, Ọlọ́run á san án fún yín. Abẹ́ kílíìpù kejì lápá òsì ń rin, ìka mi tutù nígbà tí mo yọ ọ́.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé ó ṣì ṣeé jó, àbí kí n gbà pé ọkọ̀ yìí ti lọ?

Wẹ́dàÀgbà

O ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọ̀ méjì tó o rí létí ibi tó ya yẹn, ohun tí mo máa wò gan-an nìyẹn ká ní èmi ni mo wà níbẹ̀. Ibi tó pupa ló ń sọ "kó, kó" fún ọ láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn.

Ó ku ibi méjì tó máa dá ẹjọ́ yìí. Kan ibi tí etí arm méjèèjì ti di mọ́ ṣáásí níwájú, kí o sì kan ibi tí àpótí sítíárìn jókòó sí. Tí ibẹ̀ bá dún "pọ́", má náwó lé e, ṣáásí mìíràn ló kàn tàbí kí o tú ọkọ̀ náà tà. Àwọn ibi yẹn ló ń pinnu bí táyà ṣe kọjú, bí wẹ́dà kò bá sì ní irin tó ń di ṣáásí mú kó má yẹ̀, ó ṣòro kí ó tó jó wọn padà síbi tí wọ́n wà gẹ́lẹ́. Tí wọ́n bá dún "kéń", ó ṣeé ṣe.

Cross member, odindi ni kí o pààrọ̀, má jẹ́ kí wọ́n lẹ ègé irin mọ́ ọn. Ti ṣáásí, kí wẹ́dà gé gbogbo ibi tó jẹrà kúrò títí yóò fi kan irin tó mọ́, kí irin tuntun nípọn tó ti àtijọ́. Tó bá fẹ́ bo irin tuntun lé ìdógùn-ún lórí, gbé ọkọ̀ rẹ kúrò níbẹ̀. Kó má sì fi ojú jíjó náà ṣe ìlà tó lọ tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ṣáásí, kó gé orí irin náà kó dagẹ̀rẹ̀, torí ìlà tààrà bẹ́ẹ̀ ni ṣáásí máa ń ṣẹ́ sí. Kemíkà tí wọ́n ń kùn sórí ìdógùn-ún tó fi ń di dúdú, ojú irin nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀, kò lè dá agbára padà fún irin tó ti tín-ín-rín.

Kí iná tó kan ibẹ̀, tú ẹrù kúrò lórí torsion bar méjèèjì, kí táyà iwájú rọ̀ sílẹ̀ pátápátá, kí a sì tú bóòtù díẹ̀díẹ̀. Níbi tó ti ya yìí, ẹni tó ti ṣe é rí ni kó ṣe é, kó má dúró sí ọ̀nà irin kúkúrú yẹn. Sàmì sí ọ̀pá òsì àti ti ọ̀tún, wọn kò ṣeé gbà fún ara wọn, ọ̀nà tirẹ̀ ni wọ́n ti lọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí láti ilé iṣẹ́. Má jẹ́ kí iná kan ọ̀pá tàbí arm rárá, ooru á ba agbára irin wọn jẹ́. Yọ orí bátìrì. Ká rọ́ọ̀gì kúrò nílẹ̀ ọkọ̀. Páìpù epo àti páìpù bíréèkì ń kọjá níbẹ̀, yọ wọ́n. Ti bíréèkì yẹn, má dá a padà, tuntun ni kó wọlé nígbà tí ọ̀nà ti ṣí.

Fi omi tí kò níyọ̀ fọ inú ṣáásí títí kò fi ní sí yanrìn mọ́, jẹ́ kó gbẹ, la ihò omi. Lẹ́yìn jíjó, kùn ún níta, kí o sì fín ọ̀rá ìdènà ìdógùn-ún sínú. Ibi tí iná ti kàn nínú ló máa kọ́kọ́ dógùn-ún tó o bá gbàgbé rẹ̀.

Ball joint ìsàlẹ̀ méjèèjì ni kí o rà. Torsion bar rẹ kò ṣe nǹkan kan, fi owó yẹn san ti wẹ́dà. Bí wọ́n bá tú arm, kí wọ́n má fún bóòtù bọ́ṣìn le nígbà tí táyà ṣì rọ̀ sílẹ̀. Kí ọkọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ná, kí gíga rẹ̀ pé, kí wọ́n tó fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà bọ́ṣìn á wà ní lílọ́ nígbà gbogbo, á sì tètè ya. Alignment ló gbẹ̀yìn.

Ọmọ_Sípánà

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Bóòtù tí mo wé lórí tèmi, mo ń mú òòlù lọ síbẹ̀ lárọ̀ọ́ ọ̀la.

AgbéPákó

Mo ti kan etí arm mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ìdí àpótí sítíárìn. "Kéń" ni gbogbo wọn dún. Mo kàn án lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kí ìyàwó mi náà wá fetí sí i, ohun kan náà ló gbọ́.

Ọkọ̀ tó máa gbé e ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ti bá wẹ́dà kan sọ̀rọ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé òun kò ní fọwọ́ kan ibẹ̀ títí wọ́n á fi tú torsion bar, mo sì mọ̀ pé ó mọ iṣẹ́. Mo ti kọ gbogbo ohun tí Wẹ́dàÀgbà sọ sórí pátákó kan. Sukudíráfà ṣì wà nínú ṣáásí níbi tó wọlé sí, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí òun náà lè rí i.